Wọ́n Ní Wọ́n Tà Ọ́

Ìsọlọ̀, lẹ́bàá Òṣòdì,
Oṣù Kẹta, 1962.

Sàláwù ọmọ mi,

Ṣé ara ò ro ọ́, ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò tíì wọnú egungun rẹ? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, ẹsẹ̀ tí o fi ń jẹun kò ní í kán. Àwa náà wà, ó kàn rẹ̀ mí ni. Tíṣà Ògúnlànà tó kọ́ ọ ní ABD ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti sọ fún un pé kó má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.

Òun náà ló ka ìwé ìròyìn fún mi pé o gbá góòlù mọ́kàndínlógójì wọlé láàárín ọdún kan, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ fi tà ọ́ fún ẹgbẹ́ mìíràn ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún pọ́n-ùn. Sàláwù, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo bi í pé kí lo ṣe fún wọn. Ó ní o ò ṣẹ̀ wọ́n, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá jù ni wọ́n máa ń tà lówó gọbọi. Àwọn ará àdúgbò wá ń bá mi yọ̀. Ìyá ìyá mi, ogun ló kó o, wọ́n tà á, ìyá mi sì ń retí rẹ̀ títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó bá a yọ̀.

Tíṣà fi fọ́tò rẹ hàn mí. O ti rù, ṣòkòtò rẹ ò dé orúnkún, wọ́n sì kọ nọ́mbà mẹ́sàn-án sí ọ lẹ́yìn. Mo ní àwọn mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti tà wọ́n tán? Ó mirí.

Mo ta ewúrẹ́ mẹ́rin àti ẹ̀gẹ́ oko Ṣógúnlé, mo di owó náà mọ́ ìdí aṣọ, mo wọkọ̀ lọ sí báńkì ní Èkó. Mo sọ fún akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé pé ọmọ mi ni mo fẹ́ rà padà, ìlú òyìnbó ló wà, nọ́mbà mẹ́sàn-án ni. Gbogbo àwọn akọ̀wé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan mú fọ́ọ̀mù wá pé kí n tẹ̀ka sí i. Mo kọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ìwé tí wọ́n fi tà ọ́ ni, kí àtàǹpàkò èmi ìyá rẹ má lọ bá wọn tà ọ́. Mo gbé owó mi padà sílé.

Tíṣà ti ṣàlàyé títí ó ti sú u. Ó ní o kì í ṣe ẹrú, owó oṣù ń wọlé fún ọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lo ń gbé. Mo ní, "Bí kì í bá ṣe ẹrú, ṣé ó lè máa bọ̀ nílé lọ́la?"

Ó gbé gègé sílẹ̀. Ó ní, "Rárá, ìyá. Ó ti tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́ta."

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi kún tèmi, ká jọ rà ọ́. Bí kò bá tó, bá mi bẹ ọ̀gá rẹ tuntun kó jẹ́ kí n yá ọ lò lọ́jọ́ Iléyá nìkan, màá dá ọ padà. Máa jẹun. Ọlọ́run tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ,
Ṣubúọlá.