Ọ̀gá Áyọ́ọ̀nù Lójú Omi

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

A ti wọkọ̀. Àdúgbò kan ni wọ́n kàn gbé sórí omi. Ṣọ́ọ̀bù wà ńbẹ̀, ibi ijó wà ńbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ náà wà ńbẹ̀ — omi nínú ọkọ̀, ọkọ̀ nínú omi. Bàtà ti ń fún mi lẹ́sẹ̀. Èmi tí mo ta bàtà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àwọn ọmọ ló dáwó. Wọ́n ní ogójì ọdún ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà. Adájọ́ — àkọ́bí mi obìnrin, tó ti ń dájọ́ fún gbogbo ilé láti ìgbà tó ti ń rákòrò — ti là á mọ́lẹ̀ ká tó kúrò nílé. Tá a bá padà dé, ọ̀kan nínú méjì: kí n gbà kí olùtọ́jú kan wá máa bá wa gbé, àbí kí bàbá òun lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ó ní orí bàbá òun ti ń gbàgbé nǹkan jù, òun ò sì lè máa wò mí níran kí n máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní n ò gba ìkankan. Ta ló máa bá mi wẹ ọkọ mi? Mo máa mú un lọ, mo máa mú un bọ̀. Wọ́n á rí i pé mo lè dá a ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Ọkọ mi sùn dáadáa. Èmi ò sùn. Mo ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 4

Wàhálà ti dé. Mo wọ balùwẹ̀ láàárọ̀, mo jáde, n ò bá ọkọ mi nínú yàrá. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀dì wà níhòòhò.

Mo sáré jáde tòun ti aṣọ ìnura lórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gùn, ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn lósì, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sápá, ó ń kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ìfọṣọ ni o."

Ìfọṣọ ló fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe, nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Áyọ́ọ̀nù, torí kò sí aṣọ tó lè ṣagídí sí i lọ́wọ́. Ọkọ̀ yìí sì jọ òtẹ́ẹ̀lì. Kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn, òórùn ọṣẹ káàkiri. Kí ni kó rò? Ó rò pé òun ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni.

Ìyá kan ṣílẹ̀kùn — èyí tó máa ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn bí ẹni ń lọ gboyè — kó tó ṣẹ́jú, Ọ̀gá ti wọlé, ó ti ń tú bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ náà. Ariwo ta. Ta nìyí? Kí ló ń wá nínú yàrá òun? Mo ṣáà ń rí Adájọ́ níwájú mi, tó ń sọ pé òun wí bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wa ti yọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́, torí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé, irun ẹ̀ ti ń funfun. Kò sáré, kò pariwo. Ó tẹrí ba fún Onílẹ̀kẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ yìí ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n kàn ń bá wa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni."

Ó wá kọjú sí ọkọ mi, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n gbà á lọ́wọ́ yín, àsìkò ìsinmi yín ti tó. Ọkọ mi sì gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́ bí ọ̀gá ṣe ń gbéṣẹ́ fún ọmọṣẹ́. Onílẹ̀kẹ̀ ló tún padà wá ń bẹ̀ wá, ó ní òun ò mọ̀ ni.

N ò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo bá aṣọ aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn wa. Mo bi Ẹlẹ́rìn-ín pé kí lèyí. Ó ní kí Bàbá lè máa dá ilé mọ̀ ni. Ó ní òun náà ṣì máa ń ṣi ilẹ̀kùn mú.

Irọ́ funfun báláú. Bàtà ẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀, ti òsì ju tọ̀tún lọ. Ẹni tó bá ti rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá dì í lójú á délé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Òjò. Ọkọ̀ ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀. Inú mi náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá jẹ búrẹ́dì tiẹ̀, ó jẹ tèmi mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ọ̀rọ̀ ẹran. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ tá a ti wọkọ̀, oúnjẹ alẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tábìlì kan náà làwa, Onílẹ̀kẹ̀ àti ọkọ ẹ̀ jọ ń jókòó sí. Ọ̀gá ò sì mọ ọ̀bẹ lò mọ́. Nílé, èmi ni mò ń gé ẹran fún un. Níbí, tí n bá ń gé e fún un bí ọmọ kékeré, gbogbo ojú á wá sára ẹ̀. Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ olómi là ń gbà lálaalẹ́, àwa méjèèjì. Ṣíbí nìkan ló tó fún un, kò sí ọ̀bẹ tó máa bá a ṣe orogún.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá ti ń wò wá. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é, atẹ́gùn lè gbé e lọ. Lálẹ́ òní ó bẹ̀rẹ̀ sétí mi, ó ní Màmá, ẹran òní rọ̀, ẹ jẹ́ n gbé e wá. Kí n tó kọ̀, ó ti yí ẹ̀yìn padà.

Ó gbé e dé. Gígé ni. Wọ́n tò ó yípo inú abọ́, wọ́n da ọbẹ̀ lé e, bíi pé bí alásè ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ọ̀gá fi fọ́ọ̀kì gún tiẹ̀, ó ń jẹ, ẹnikẹ́ni ò wojú ẹ̀. Mo wo abọ́ tèmi, gígé lòun náà. Mo rò pé ti gbogbo ayé ni. Mo wá wo ti Onílẹ̀kẹ̀: odidi, gbàǹgbà, ó ń bá a jà.

Omi dà lójú mi. Mo ní ata ni. Kò sí ata kankan nínú ẹ̀.

Nígbà tá a dìde, mo fà á lápá, mo bi í pé kí ló dé tó fi gé tèmi náà. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ti Bàbá nìkan, Màmá, wọ́n á béèrè. Tó bá ti jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ nílé yín nìyẹn."

Ọmọ tí n ò bí.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Adájọ́ pè. Bàbá ń kọ́? Ó wà. Ẹ̀yin ń kọ́? Mo wà. Ó ní, "Màmá, ẹ ń purọ́." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mi gé e. Ọlọ́run ò ní gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọjọ́ Ajé, 9

Mo bínú lónìí, inú burúkú.

Orí àga la jókòó sí lókè ọkọ̀ lọ́sàn-án, oòrùn ń ta díẹ̀. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo máa lajú, àga ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣófo. Mo wá a dé ilé ìjẹun, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Òun nìyẹn láàárín Ẹlẹ́rìn-ín àti Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, aṣọ ìnuwọ́ ga jọ níwájú wọn, wọ́n ń ká a fún oúnjẹ alẹ́.

Mo fi ẹnu mi ṣe ohun tí n ò bá má fi ṣe. Mo ní ṣé àwọn ọmọ mi dáwó kí bàbá wọn lè wá sinmi ni, àbí kó wá bá yín ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́? Ẹlẹ́rìn-ín wolẹ̀. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ẹ wo ojú wọn ná."

Mo wò ó. Ó ń kọrin sínú. Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì mọ́ nílé, ọwọ́ náà ló ń ṣẹ́ aṣọ, ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ń sọ fún wọn pé etí aṣọ kì í kọjú sí àlejò láéláé. Ẹlẹ́rìn-ín fi ọ̀kan ṣeré, ó ká a wọ́gọwọ̀gọ, Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lè rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Mo fa àga, mo jókòó, mo mú aṣọ kan. Mo ká a. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó ní kí n má fòyà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọṣẹ́ tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Òòyì kọ́ mi lórí àtẹ̀gùn. N ò ṣubú, mo kàn jókòó láìrò tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ọkọ̀, obìnrin ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ kan. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ nípa Ọ̀gá. Kò wo Ọ̀gá. Èmi ló ń wò.

Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo sùn kẹ́yìn. Mo ní lánàá. Ó ń wo abẹ́ ojú mi. Mo ní ó dáa, láti ilé. Ó ṣì ń wò ó. Mo wá sọ fún un pé láti bí ọdún kan.

Ó ní kí n lọ sùn. Mo ní ta ló máa wo ọkọ mi.

"Àwa ni."

Àṣé wọ́n ti pín in láàárín ara wọn: Ẹlẹ́rìn-ín tó bá ti tún yàrá tán, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun nọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́. Àsìkò ìsinmi wọn ni o, tí wọ́n fi ń na ẹsẹ̀.

Ọjọ́rú, 11

Mo sùn.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté kan. Nọ́ọ̀sì jókòó ti Ọ̀gá, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra bàtà fún Ẹlẹ́rìn-ín. N ò béèrè ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀. Èmi oníbàtà náà kẹ̀. Mo kàn wò ó ni, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó sọ pé ìyá òun ń bẹ nílé, orí ìyá ti lọ bíi ti Bàbá, ó tiẹ̀ ti ju ti Bàbá lọ. Òun ló ń wá owó lójú omi, obìnrin kan tí kò bá wọn tan rárá ló ń wẹ ìyá òun, tó ń fún un lóúnjẹ. Ó ní, "Ohun tí mò ń ṣe fún Bàbá, Màmá, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó máa rí níbẹ̀ náà nìyẹn."

Mo bi í bóyá kì í dùn ún pé ọwọ́ àjèjì ló ń wẹ ìyá ẹ̀. Ó ní ó ń dun òun. Ó ní ṣùgbọ́n ìyá ń wẹ̀, ìyá ń jẹ, ìyá ò sì tíì di ìyá ẹlòmíì.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sán. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíì.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo pe Adájọ́ fúnra mi. Mo ní kó wá olùtọ́jú náà wá, pé bàbá ẹ̀ ò ní kúrò nílé, èmi náà ò sì ní dá a ṣe mọ́. Mo ní ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ ni mo fẹ́, tí kì í pariwo. N ò gbọ́ nǹkankan. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àṣé ẹkún ló ń sun. Adájọ́, tí kò sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀.

Mo ní kó lọ bọ́jú. Inú mi fúyẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Òní la máa sọ̀ kalẹ̀. Mò ń kọ èyí nínú yàrá, ẹrù ti wà níta, a ń dúró kí wọ́n pè wá.

Láàárọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín kó aṣọ ìnura wá, ó ní kí Ọ̀gá bá òun parí eléyìí kó tó lọ. Èmi jókòó sórí àga létí fèrèsé. Ọ̀gá ká a, ó tò ó, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìrọ̀rí kan lọ́wọ́, ó gbé e sẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ṣé ẹ ò nílò nǹkankan?"

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ẹ̀rín tó máa ń rín sí àlejò òtẹ́ẹ̀lì ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti rí i rí, kì í ṣe èmi ló máa ń rín in sí.

Ó dùn mí. Ó dùn mí dé egungun. Ogójì ọdún. Mo fẹ́ di ọwọ́ ẹ̀ mú kí n pariwo orúkọ mi sí i létí. Ẹlẹ́rìn-ín dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. N ò pariwo. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣé kò tíì rẹ̀ yín?"

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ parí." Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bíi pé kí ọ̀gá òun má gbọ́. "Ìyàwó mi ń dúró dè mí nílé. Kì í lè sùn tí n ò bá tíì dé."

Mo ní kó rọra ṣe é, kó má kánjú. Mo ní ìyàwó ẹ̀ ò lọ síbì kankan.