Áńpù Bàbá Ti Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá kí yín. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò.

Ẹ ní ká fi áńpù tí Bàbá fọwọ́ ara wọn ṣe láti fi gbé ohùn gìtá sókè ránṣẹ́, pé àwọn olórin lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ń wá irú ẹ̀ lójú méjèèjì nítorí túùbù onígíláàsì inú rédíò tí Bàbá kì sínú ẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í lò fún gìtá. Túùbù yẹn náà lẹ rí tẹ́ ẹ fi pe Bàbá ní Ẹnjiníà Àkìtàn lójú àwọn oníbàárà wọn, tẹ́ ẹ ní pàǹtí ló kún inú ẹ̀. Bàbá ò ṣe òmíràn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Inú rédíò Màmá ni Bàbá ti yọ túùbù náà. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Bá mi dá túùbù mi padà.” Mo dá a padà. Rédíò ti ń fọhùn.

Áńpù yín ti wà lọ́nà. Bí ẹ bá tàn án tó dákẹ́, ẹ má bínú, a ti bá yín kó pàǹtí inú ẹ̀ kúrò.

Ẹ tètè fèsì. Àwọn ọmọ yín á tọ́jú yín, bí ẹ ṣe tọ́jú Bàbá gẹ́lẹ́.

Èmi àbúrò yín obìnrin.