Ẹ̀kọ́ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Kíláàsì Màmá Mi

Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
Bajulaiye, Ṣómólú,
Èkó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣé dáadáa ni ara yín wà? Ṣé òjò Kàm̀bódíà kò tíì gbé yín lọ? Ní tèmi, mo wà láàyè. Àwọn ẹ̀fọn Bàrígà nìkan ló gbọ́ pé ẹ kò sí nílé, ni wọ́n bá ń wọkọ̀ wá sí Ṣómólú láti wá jẹ mí.

Pásítọ̀ Adéníjì, tí wọ́n ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ míṣọ́n yín lọ́jọ́bọ̀, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá ohun tí mo lè sọ lórí fóònù Àǹtí Sabina. Tí èèrà bá wúkọ́ ní Palmgrove, àbúrò yín yẹn á gbọ́.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mò ń bá gbé. Àárọ̀ ni Àǹtí ti ń lọ gé ìwé níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá dé, oorun ló máa ń bá wọn wọlé. Ẹ̀rọ náà ń ké débi pé àwọn òkú inú itẹ́ Àtàn gan-an ti kó ẹrù. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, tí ó dákẹ́, ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Abọ́ méjì ni mo ṣì máa ń gbé sílẹ̀ tí mo bá fẹ́ jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ẹ ní kí n máa ka Gẹ̀ẹ́sì sínú fóònù, kí n máa fi ránṣẹ́, kí àwọn àgbẹ̀ tí ẹ ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lè máa gbọ́ ohùn ọmọ tó gbọ́ ọ dáadáa. Mo ka méjì bó ṣe yẹ. Ìkẹta, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Pijin Bàrígà ni mo kó sí i: "How far? You don chop?" Mo ti gbọ́ pé ọ̀gá míṣọ́n ń bọ̀ wá wo kíláàsì yín lọ́sẹ̀ náà. Mo ní tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá kí ọ̀gá bẹ́ẹ̀, inú á bí ọ̀gá, wọ́n á ní, "Ìyáàfin, ẹ di ẹrù yín." Mo ti gbálẹ̀ yàrá dè yín. Mo ti fọ ìrọ̀rí yín.

Àṣé ẹsẹ̀ ara mi ni mo ń dẹ pàkúté fún. Nígbà tí ẹ pè, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀: ogójì àgbẹ̀ ìrẹsì dìde, wọ́n ní "How far!" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní olùkọ́ tí ojú kì í ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti lanu, ọdún méjì ló yẹ kó fi kún un. Ẹ wá bi mí pé, "Hadassah, ṣé kí n dúró? Ohun tí o bá sọ ni màá ṣe." Mo ní, "Ẹ dúró, Màmá. Mo ti dàgbà, kò sí wàhálà."

Irọ́ ni. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láti Onípanu dé etí ọ̀sà Bàrígà, èyí nìkan ló dùn mí dé egungun.

Ní Sátidé, ẹ fi ohùn Màmá Sokha ránṣẹ́, ìyá arúgbó tó máa ń jókòó níwájú ní kíláàsì yín. Wọ́n ń rọra gbé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń rìn lórí afárá pákó: "How far, Hadassah? You don chop?" Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni mo gbọ́ ọ, kì í ṣe àsọdùn. N kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Ẹ̀yin, ìwé mi àti àdúrà mi lẹ máa ń béèrè kí káàdì tó tán. Mo sunkún, mo wá dìde, mo po gàárì.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Olúwa ni. Mo mọ̀ pé wọ́n nílò yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ máa fọwọ́ síwèé ọdún méjì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i nítorí ohun tí mo sọ. Mo fẹ́ kí ẹ máa bọ̀.

Kí Ẹni tó ń ṣọ́ yín lọ́hùn-ún má tòògbé. Kí ẹrẹ̀ oko ìrẹsì má gba bàtà lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ ó fẹsẹ̀ rere wọlé, ẹ ó sì bá mi láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo,
Hadassah.

Àfikún: Ẹ bá mi sọ fún Màmá Sokha pé mo ti jẹun. Mo ti ka ẹ̀kọ́ tuntun sínú fóònù Pásítọ̀ fún kíláàsì yín. Gẹ̀ẹ́sì gidi ni lọ́tẹ̀ yìí, kò sí pijin níbẹ̀: bí a ṣe ń dágbére fún olùkọ́ tó ń lọ sílé. Kò gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè kọ́ ọ.