Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ṣọ́jà

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Òṣíẹ̀lẹ̀.

Ọkọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ lára ọkọ̀ ṣọ́jà àtijọ́ tó fẹ́ ká jọ máa gbé inú rẹ̀ lọ dé Mòrókò. Bẹ́ẹ̀dì ti wà níbẹ̀, sólà ti wà lórí òrùlé. Gbogbo ihò ló fi rọ́bà dí kí eruku aṣálẹ̀ má baà wọlé. Lónìí, ó ní òun fẹ́ fi sítóòfù gáàsì inú rẹ̀ se tíì, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ra.

Mo ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tí mo pè é: "Bàbá Sódíìkì, ṣé tíì yẹn ò tíì hó ni?" Kò dáhùn. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ó ti ṣubú lulẹ̀, iná sítóòfù ṣì ń jó. Mi ò mọ bí mo ṣe wọ́ ọ jáde. Mo ṣáà ń pariwo, "Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́!" Ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i ló tó bì, tó sì lajú.

Ní ilé ìwòsàn tá a gbé e lọ, dókítà ní èéfín tí kì í rùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ká ní aṣálẹ̀ la wà ńkọ́, tí àwa méjèèjì jọ wà nínú ẹ̀...

"Ìyá Sódíìkì, mo máa lu ihò sára ọkọ̀ náà," ló ń wí nígbà tá a délé. "A ṣì máa lọ."

Ó ti sùn báyìí. Mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wálẹ̀. Mi ò lè gbójú kúrò.