Múfú Nìkan Lórí Ìtàgé

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ Múfú, àbúrò mi, ni mo ní láti bá yín sọ. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn fídáù yín. Orin kúkúrú tó ṣeé jó sí làwọn yòókù ń fẹ́, ẹ sì mọ orin rọ́ọ̀kì tirẹ̀, tí ẹyọ kan ń gùn bíi wáàsí Ramadan, tí kíbọ́ọ̀dù á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, títí ẹ̀yin á fi sùn lọ lórí àga.

Ẹ̀rù tó máa ń bà yín ló bà mí. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ta ni yóò kọrin? Ta ni yóò lùlù sí i? Ó pẹ́ gan-an tí kò sẹ́ni tó pè é sóde.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ló kọ́kọ́ dá nìkan ṣeré, ní gbọ̀ngàn ìlú ní Ọ̀kà. Mo wọkọ̀ láti Ìkàrẹ́, mo gbé iyán sínú kúlà dání, kí n lè fi tù ú nínú bí wọ́n bá fi í ṣẹ̀sín. Àbúrò yín náà wá láti Ògbàgì. Ọyẹ́ mú lórí òkè Ọ̀kà yẹn, gbogbo wa káwọ́ mọ́ra.

Múfú jókòó sáàárín àwọn kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rọra ń tẹ̀ wọ́n bí ẹni ń fọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn. Nígbà tó yá, ohùn kan di púpọ̀. Mo gbọ́ fèrè, mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin, mo gbọ́ nǹkan tó ń hó bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pìnmì. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àbúrò yín dìde, ó lọ ká aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé sókè, ó yọjú wò. Ó padà wá bí ẹni rí iwin.

“Kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀ o. Òun nìkan ni!”

Yèyé, níbo ló ti rí i? Ṣé inú yín ló ti gbé e wá? Àbí ẹ ti mọ̀, tí ẹ kò sọ?

Nígbà tó parí, a gbàgbé láti pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni ariwo tó sọ. Mo wá a lọ sẹ́yìn ìtàgé. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́ yẹn. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi tí mo pọ̀n ọ́n, tí mo nu ikun imú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.” Ó ń fà mí lápá, ó ń sunkún.

N kò tètè dìde, Yèyé.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tí àárò yín ń sọ.