Etí Ọ̀tún Bàbá Ò Lè Dúró De Rẹ́kọ́ọ̀dù Yín

Àbúrò mi,

Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ mi ń kí ọ. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti san díẹ̀. Iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ, àmọ́ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì yín ò jẹ́ kí n rímú mí. Wọ́n á gbé ṣòkòtò tí kò ya wá fún àtúnṣe, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí télọ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun yẹn dà? Ọdún keje rèé!" Bàbá arúgbó kan tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ bá mi jà lánàá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: etí òsì Bàbá wa ti di pátápátá. Dókítà ní tọ̀tún ò lè kọjá oṣù méjì.

O ní orin kan ló kù tí kò tíì dùn tó létí rẹ. Ìwọ ní etí méjì, o lè dúró. Jọ̀ọ́, fi èyí tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́, bó ti wù kó rí. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí ni mo bá Bàbá níbi tó ti fi àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà tó ń kọrin. Ó ní òun ń kọ́ bí òun ṣe máa fi ọwọ́ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà, bí o bá pẹ́.