Búrẹ́dì Ará Òkè Odò

                                        Abúlé Dẹ́rù Hádì,
                                        Ìsàlẹ̀ Odò, Lẹ́bàá Sàbíìdì,
                                        Tìhámà, Yẹ́mẹ̀n.
                                        Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ọdún 1999.

Ayáàṣì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru iwájú ààrò. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó ń ṣe dáadáa, ṣé Hindíyà kékeré ti ń rìn? Ìyá mi ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn ará Jẹ́dà ṣì ń ra búrẹ́dì rẹ láìráhùn. Mo ní bí wọ́n bá ń ráhùn, ìwọ kọ́ ni wọn yóò sọ fún. Àwa náà wà láàyè níbí. Afẹ́fẹ́ oníyanrìn gbé orùlé ilé ìdáná wa lọ lóṣù tó kọjá, ó gbé e fún aládùúgbò wa, òun sì ní òun kò mọ orùlé ta ni. Ewúrẹ́ rẹ tó kù náà kí ọ. Ó ti jẹ okùn ibùsùn mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kì í ṣe ti ewúrẹ́. Ọdún kẹta rèé tí àgbàrá kò dé oko bàbá rẹ. O mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn ará òkè odò á kọ́kọ́ mu, àwọn àárín á mu, tó bá di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, a ó gé ìdídò oníyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń darí àgbàrá sínú oko wọn, omi yòówù tó bá wá lẹ́yìn ìyẹn di tiwa. Òkìtì iyanrìn ti dé ìdí igi dàbínù àkọ́kọ́. Bàbá rẹ ní bí omi kò bá dé lọ́dún yìí, àwọn yóò ká ilé, àwọn yóò lọ máa gbé lọ́dọ̀ Júmúà ẹ̀gbọ́n rẹ ní Hùdéédà, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Èmi ni wọ́n yàn láti gbé ọkọ́ lọ gé ìdídò lọ́dún yìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó kàwé ẹ̀rọ ló yẹ, wọ́n sì dárúkọ mi níwájú àwọn ará òkè bí àṣà ṣe wí. Bàbá rẹ di dàbínù àti omi fún mi. Wọ́n ní, "Fútéénì, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ tiwọn." Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì àti iyọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ gbọ́wọ́ lé ohun ìní rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta? Ọmọ ọmú mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlá ni mo dé òkè odò. Múkúbílì tí a jọ lọ sílé kéú, tó ti di olórí wọn báyìí, yọ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀. Ó ti ń pariwo láti òkèèrè: "Ẹnjiníà wa! Ṣé ọkọ́ ni wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé ní Hùdéédà?"

Mo ní, "Rárá o, ọkọ́ la fi ń ṣèdánwò."

Ó ní kí n wá jẹun. Mo ní mo ti yó. Ó ní kí n wá jókòó síbòòji. Mo ní oòrùn yẹn wù mí. Ló bá sorí kọ́, ó ní, "Kò burú. Pọ́ǹpù wa ti kú láti ìjẹta. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá láti Sàbíìdì, ó ní kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́."

Ayáàṣì, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti bà mí. Mo lè kọ ẹran, mo lè kọ ibòòji, ṣùgbọ́n "kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe" yẹn, n kò rí i kọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi tú u. Ẹrọ̀fọ̀ ló dí i lọ́fun. Nígbà tí omi tú jáde, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, mo sì tẹríba bí ẹni tó ṣe rere. Wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oyin pò. Mo rò ó lọ́kàn mi pé oúnjẹ oníṣẹ́ kì í ṣe oúnjẹ àlejò. Owó iṣẹ́ mi ni mo ń jẹ. Mo jẹ ẹ́, mo lá àwo. Múkúbílì ní, "Èló niṣẹ́ ẹ?" Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní, "Fi sílẹ̀ jàre, ṣebí ara wa ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun, bàbá rẹ àti àwọn àgbà mẹ́rin ti dé. Mo gbé ọkọ́ sókè. Múkúbílì di ọwọ́ mi mú, jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi bi ọmọ yín. Ṣé ó jẹun nílé mi lánàá?"

Mo ní owó iṣẹ́ mi ni mo jẹ.

"Èló la dá a? Mo bi ọ́ ní èló, kí lo fọ̀?"

Bàbá rẹ wò mí. Mo ní, "Mo ní kó fi sílẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ? Àlejò mi ni," ni Múkúbílì wí. Ó tiẹ̀ bá mi gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò léjìká.

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣọ́ọ̀í ní kí wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọ̀dẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn gé e. Bàbá rẹ gan-an ló kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti dárúkọ, a kì í pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé; àti pé òfin àtijọ́ tó de ẹni tó jẹun ló fún wa ní ọjọ́ kẹrìnlá. "Bí a bá fa ìdajì rẹ̀ ya, ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún ìdajì tó kù?" A jókòó, à ń wo ìdídò, ìdídò náà ń wò wá.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a gbọ́ ọ láti orí òkè, bí ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní bíréèkì. Omi pupa, tó ru igi, tó ru òkú àgùntàn. Ó kọ lu ìdídò, ó sì yà sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀kán kan kò kọjá sọ́dọ̀ wa. Ìdídò náà dára. Ó yẹ kí ẹni tó kàwé sọ òótọ́. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, Múkúbílì fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gé e. Omi tó jáde tó ẹni méjì ṣe àlùwàlá, bí wọn kò bá ní fọ ẹsẹ̀. Òjò kò tíì rọ̀ lórí òkè láti ìgbà náà, àsìkò rẹ̀ sì ti lọ.

Bàbá rẹ kò bá mi wí. Ìbá sàn kí wọ́n fọ́ mi létí. Abúlé ló ń bá wọn ṣe é: bí mo bá dé ìdí kànga, àwọn obìnrin á bi mí bóyá mo ti jẹun, àti nílé ta ni.

Ọjọ́rú tó kọjá ni bàbá rẹ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti tú ọkà bàbà pupa jáde nínú ihò tí bàbá wọn gbẹ́, irúgbìn tí ẹ kì í fọwọ́ kàn bí ebi tilẹ̀ ń pa yín. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́, n kò lè wojú wọn. Wọ́n yan án sára ààrò amọ̀, wọ́n bù ú sí méjì. "O jẹ tiwọn. Wá jẹ tèmi." Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, Ayáàṣì. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo gbé òkèlè tó kẹ́yìn mì, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ó yá, má kọ̀wé sí Ayáàṣì. Á fiṣẹ́ sílẹ̀ wá sílé, kò sì sí nǹkan tó fẹ́ wá ṣe níbí."

Wọ́n fi búrẹ́dì dè mí. Mo panu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Òní ni ọjọ́ kẹrin, ìyẹn ni mo fi ń kọ̀wé.

Wọ́n ti ń tú koríko ilé. Àwọn àwo tí ìyá rẹ fi kọ́ ara ògiri ti wà nínú àpótí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ àwọn apẹja yóò gbé wọn lọ sí Hùdéédà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà máa ń lò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí náà n kò ní kí o sáré. Bí o ṣe ń kà á yìí, iyanrìn ti wọ oko yín, kò sì kan ilẹ̀kùn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Bá mi kí gbogbo ọmọ abúlé wa tó wà ní Jẹ́dà, má sì sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ búrẹ́dì náà. Wọn yóò gbọ́.

Ó ku nǹkan kan. Nígbà tí mo ń lọ ọkà náà, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, mo jí díẹ̀ sápò. Mo ti yẹ òfin wò dáadáa: olè tí ènìyàn jà kó tó jẹun kò sí lábẹ́ búrẹ́dì. Hóró mẹ́tàdínlógún ló wà nínú àpòòwé yìí. Mo mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo mọ̀ pé ọlọ wà nítòsí. Jọ̀wọ́, má lọ̀ wọ́n.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n gbé ọkọ́ fún,
                                        Fútéénì ọmọ Bákírì.